Asà Ilé Ẹkùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, kò jókòó níbì kankan àfi lẹ́yìn Ìjàpá, ọkọ Yánníbo. Ẹ sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú.

Ilé Ẹkùn ní asà ogun kan tí wọ́n ń jogún láti ìran dé ìran. Ẹkùn tó bá kú sẹ́nu ìṣọ́ odò, wọ́n á fi èédú ya àmì dúdú kan sára asà náà. Odò yẹn ni gbogbo ẹranko ń mu.

Ọ̀dá dá. Àwọn Ìkookò fẹ́ wá gba odò; Ẹkùn, baálé ilé náà, lé wọn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n pa á. Àyọ̀ká, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, fi asà sílé, ó lọ sin bàbá rẹ̀.

Ta ló wá kí wọn kú aráfẹ́rakù? Ìjàpá ni. Ojú ń sunkún, ọwọ́ ń jalè. Aláìnítìjú.

Ó gbé asà kọ́ ẹ̀yìn, ó so okùn awọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó dé etí odò.

"Ẹ yà fún mi. Ẹkùn fi í sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Ẹni tó ni àmì yìí ló ń kọ́kọ́ mu omi."

Òùngbẹ ń pa ọmọ àwọn ẹranko tó wà níbẹ̀ kú lọ, síbẹ̀ wọ́n yà, nítorí wọ́n mọ iyì asà yẹn. Ìjàpá mu, ó wẹ̀, ó jáde lọ yá oòrùn. Ilé Ẹkùn kì í jẹ́ kí omi kan okùn yẹn rárá. Bó bá tutù, tí oòrùn pa á, ńṣe ló ń súnkì.

Ni àwọn Ìkookò bá tún dé.

Àgbọ̀nrín ní, "Alásà, bọ́ síwájú. Ẹni tó ni àmì yìí ló ń kọ́kọ́ jà."

Ìjàpá fa okùn, kò tú. Àwọn Ìkookò lù ú títí asà fi sán wẹ́wẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àyọ̀ká gbúròó, ó fi ìbínú sáré dé, ó lé Ìkookò lọ. Ó wá kọjú sí Ìjàpá. Ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá, ta ló gbé asà fún ọ?
*Jáńjálá*
Bàbá mi ló kú sí i,
*Jáńjálá*
Ìwọ wá fi mu omi,
*Jáńjálá*
Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o,
*Jáńjálá*

"Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ bá mi tú u," Ìjàpá ń bẹ̀bẹ̀.

"Mi ò tú u. Ṣebí o ní bàbá mi fi í sílẹ̀ fún ọ? Máa rù ú lọ."

Àyọ̀ká ki ọwọ́ bọ èédú, ó ya àmì àwọn bàbá rẹ̀ sára òun àtàwọn àbúrò rẹ̀.

"Ẹni tó bá tún fẹ́ jí i," ó ní, "kó wá bó awọ mi."

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyẹn. Bí mo bá purọ́, ẹ wo ẹ̀yìn Ìjàpá, ẹ wo gbogbo ibi tó ti sán.