Ògiri Tí Ọkọ Fi Ọ̀rá Bò

Ọkùnrin kan wà tí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mopélọ́lá, mọ bí a ti ń ya àwòrán sára ògiri. Ilé alámọ̀ ni wọ́n ń gbé. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti lọ, obìnrin yìí àti ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ a po amọ̀ pupa, wọn a fi rẹ́ iwájú ilé, wọn a sì fi ẹfun àti èédú ya ẹyẹ àti alángbá sí i.

Ẹgbẹ́ kékeré kan wà ní ìlú wọn tí ń tọ́jú ìtàn ìlú. Wọ́n máa ń pàtẹ aṣọ àtijọ́, igbá fínfín àti fọ́tò àwọn àgbà tó ti kú sínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwé. Wọ́n wá sọ fún obìnrin náà pé nígbà ìpàtẹ ọdún tó ń bọ̀, àwọn yóò kó èrò wá wo ògiri rẹ̀, nítorí ògiri kò ṣe é gbé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n tètè wẹ̀ fún un nígbà náà."

Ó kú kí ìpàtẹ tó dé.

Ọkọ rẹ̀ kò ní ohun mìíràn tí yóò fi han ará ìlú pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gbé ilé òun. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìyàwó àbúrò rẹ̀ po amọ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọkùnrin náà dá a dúró.

"Ìyàwó, má fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ Ìyá Mopélọ́lá nìkan ló kù níbẹ̀."

"Ọkọ mi, òjò ti jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Bí a ò bá rẹ́ ẹ, kò ní dúró."

"Mo ní kí o gbé amọ̀ rẹ lọ."

Ó gbé e lọ. Ọkùnrin náà ra ọ̀rá ńlá, ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri látòkè délẹ̀ kí òjò má baà kàn án. Òjò kò sì kàn án lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ilẹ̀ gòkè sínú amọ̀ náà, afẹ́fẹ́ kò sì ráyè gbẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, ẹgbẹ́ kó èrò wá. Ọkùnrin náà wọ agbádá, ó sì yọ ìṣó fúnra rẹ̀. Bí ó ti ń ká ọ̀rá kúrò, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ ń bá a bọ̀. Ẹyẹ àti alángbá wó sílẹ̀ síwájú rẹ̀. Àwọn èrò rọra padà.

Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni mo fi pa á rẹ́."

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ jókòó tì í. Kò bú u. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ rò pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyá yín ló kọ́ ọ ní àwòrán yíyà. Orí ọwọ́ ìyá yín ló ya tirẹ̀ lé. Orí tirẹ̀ ló yẹ kí n ya tèmi lé."

Láti kékeré ni ọkùnrin náà ti ń kọjá níwájú ògiri yẹn. Kò béèrè ẹni tó kọ́kọ́ yà á rí.

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, ìyàwó rẹ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán, o sì ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa láti ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. O fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Èmi náà ti sin ìyàwó, mo mọ ohun tó mú ọ ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ń dúró níta. Fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Bí o bá gbọ́ tí ẹ̀rọ ń dún, tí o sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, yóò dùn ọ́. Gbà kí ó dùn ọ́.