Tapólì Tí Olóyè So Sókè

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè ní abúlé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi oko obì kan sílẹ̀ nínú ẹgàn, níbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Òun àti àbúrò rẹ̀ fẹ́ lọ wo oko náà kí wọ́n sì sùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n ahéré ibẹ̀ ti wó tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi lọ ra tapólì lọ́jà.

Ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ nawọ́ sí èyí tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí tírélà. Olóyè gbé e wò, ó ní ọrùn òun kò lè rù ú dé ẹgàn. Ó mú èyí tó fúyẹ́, tó ṣeé ká sínú àpò, tó ní ihò létí yí ká fún okùn. Ìwọ Ìṣọ̀lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, títí dé ibẹ̀, n kò rí àṣìṣe kankan lọ́wọ́ olóyè náà.

Ibà mú àbúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé oko, ó fara ti igi, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń so tapólì mọ́ igi mẹ́rin, lókè réré, pẹrẹsẹ bí àtíbàbà ọjọ́ ìwúyè.

Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rẹlẹ̀. Ẹ na okùn sáàárín igi méjì, kí ẹ gbé e kọ́ ọ, kí ẹ kan etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ níhà ibi tí atẹ́gùn ti ń wá."

"Kí n wá máa rá wọlé bí alángbá? Olóyè kì í bẹ̀rẹ̀ wọlé."

"Kò sẹ́ni tó ń wò yín nínú igbó yìí."

"Èmi ń wo ara mi."

Àbúrò gbà fún un. Ẹ̀gbọ́n ni.

Òjò dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Kò gba orí tapólì wá; ẹ̀gbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ ló gbà wọlé. Atẹ́gùn kó sábẹ́ rẹ̀, ó ń jù ú sókè sódò, okùn kan já. Olóyè fi ọwọ́ di etí tapólì náà mú, ó ń bú ẹni tó tà á, pé ayédèrú ló gbé fún òun. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí àbúrò rẹ̀ nínú omi, tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó pè é, kò dáhùn.

Ẹ̀rù bà á. Ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Ó gé okùn, ó na èyí tó kù sáàárín igi méjì, kò ga ju ìbàdí lọ, ó gbé tapólì kọ́ ọ, ó sì fi èèkàn kan etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ níhà atẹ́gùn. Ó fa àbúrò rẹ̀ wọlé. Òun náà fi àyà wọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tẹ̀lé e, ó sì gbá a mọ́ra títí ara rẹ̀ fi móoru. Tapólì kan náà ni o, ṣùgbọ́n omi kò tún kán sí wọn lára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbúrò lajú, ó béèrè omi mu. Olóyè bú sẹ́kún.

Ìṣọ̀lá, ìwọ ni mò ń bá wí. Ìyàwó dáadáa lo fẹ́, ilé tó dára lo sì ti fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n o bú àbúrò rẹ̀ lójú bàbá wọn, ìyàwó rẹ sì gbé oyún rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Àwọn àna rẹ ní kí o wá dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ náà, o ní o fi ọdún jù ú lọ. Ta ló sọ fún ọ pé ọjọ́ orí la fi ń wo àna? O tún ń pa á lówe fún mi pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n o ò tíì fi èyíkéyìí nínú méjèèjì hàn wọ́n.

Lọ lọ́la, kí oòrùn tó ga. Dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí o tó la ẹnu. Oṣù ìyàwó rẹ ti pé. Bó bá bímọ kí o tó débẹ̀, ta ni yóò sọ ọmọ rẹ lórúkọ?