Bí Àwẹ̀ró Ṣe Kọ Òkété Ọba

Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ yín tí ẹ ò fẹ́, ẹnu ara yín lẹ máa fi sọ pé ẹ ò jẹ. Ṣùgbọ́n ta nínú yín ló mọ oúnjẹ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀? Ẹ má wòkè. Òkété ni.

Ọba kan jẹ ní Ìdí-Ìyeyè, Adéwùsì lorúkọ ẹ̀. Ọba yìí máa ń hanrun. Ó pọ̀ débi pé àwọn ewúrẹ́ ààfin kì í sùn sílé mọ́, etí odò ni wọ́n ń lọ sùn sí. Àwọn èèyàn wá ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọba, inú bí i, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó lọ wí i sí Láwọyin, ìránṣẹ́ ààfin, létí. Láwọyin á yọ ohun tó bá korò nínú ẹ̀ kúrò, á wá lọ jíṣẹ́ èyí tó kù. Ẹnu-Ìlú ni wọ́n ń pè é.

Ẹyọ ẹnu kan ni Láwọyin sì ní. Ìlú á tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ láti ìdájí. Ẹ káàárọ̀ tó o bá rán an, alẹ́ ló máa dé. Ọkùnrin kan rán an sí ìyàwó ẹ̀ pé ilé ń jó. Nígbà tí Láwọyin máa fi dé ibẹ̀, ó ti yọ iná kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọkọ yín ní ilé yín mọ́lẹ̀ dáadáa."

Ẹni tí òfin yìí dùn jù ni Àwẹ̀ró. Opó ni. Ọkọ ẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ tó bí ò dúró, àwọn èèyàn bàbá ẹ̀ ti tán pátá. Kí òfin tó dé, ó ṣì máa ń rí ẹni tó ń bi í pé ṣé ó jí ire. Fún odindi ọdún mẹ́ta, kò rí. Á jókòó ti ààrò, á máa gbọ́ bí omi ṣe ń hó, torí ìyẹn nìkan ló ń dá a lóhùn. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó fi mọ̀ pé òun náà ti ilé kan wá: wọn kì í jẹ òkété nílé bàbá ẹ̀. Tó bá ti rántí pé òun ò jẹ ẹ́, á dà bíi pé gbogbo wọn tún jókòó yí òun ká, tí àwọn náà ò jẹ ẹ́.

Ní Ìdí-Ìyeyè, tí ọdún iṣu tuntun bá dé, ilé kan ló máa ń bá ọba jẹun nínú àwo kan náà lójú gbogbo ìlú. Ọdún yẹn, ilé Àwẹ̀ró ló kàn. Wọ́n gbé iyán dé. Wọ́n ṣí ọbẹ̀. Òkété dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀, ó yọ eyín síta.

Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí Láwọyin létí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Kábíyèsí pé èèwọ̀ ilé wa ni. Mi ò lè jẹ ẹ́."

Láwọyin kọjú sí ọba. "Kábíyèsí o! Ó ní nílé àwọn, àwọn ò rírú ẹ̀ rí!"

Inú ọba dùn, ó ní kí wọ́n bù kún un.

Àwẹ̀ró tún sọ sí Láwọyin létí pé, "Bàbá, mi ò wí bẹ́ẹ̀ o! Tí mo bá jẹ ẹ́, mi ò ní ẹnì kankan mọ́ láyé."

"Kábíyèsí, ó ní tóun bá ti rí i jẹ, òun ò wá ẹnì kankan mọ́ láyé!"

Ọkùnrin méjì gbé odindi ìkòkò dé. Ọba fọwọ́ ara ẹ̀ mú orí òkété, ó nà án sí i lẹ́nu. Àwẹ̀ró wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo ìlú ló mọ èèwọ̀ ẹ̀. Kálukú ń wo ilẹ̀. Ó wá yé e pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá gba òun sílẹ̀.

"Mé jẹ!"

Mi ò jẹ nìyẹn. Ohùn tí kò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ó dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ẹ̀ṣọ́ kan gbé kùmọ̀ sókè.

"Dúró," ni ọba wí. "Obìnrin yìí, tún un wí."

"Mé jẹ, Kábíyèsí. Èèwọ̀ ilé wa ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ ní kí wọ́n la kùmọ̀ mọ́ mi."

"Àṣé bí ohùn èèyàn ṣe ń rí nìyẹn," ni ọba wí. "Ti Láwọyin nìkan ni mò ń gbọ́ látọjọ́ yìí." Ó ju orí òkété sílẹ̀. "Èmi gan-an, mi ò fẹ́ràn òkété. Láwọyin ló ń sọ pé ìlú ní àfi kí n máa jẹ ẹ́."

"Kábíyèsí ní òkété dùn..." Láwọyin ti bẹ̀rẹ̀.

"Láwọyin, mi ò wí nǹkan kan! Panu dé!"

Ibẹ̀ ni òfin kú sí. Ọmọbìnrin kékeré kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ síta rí láyé ẹ̀ fò sókè: "Èmi náà, mé jẹ! Mi ò jẹ ilá mọ́!" Ìyá ẹ̀ sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ọba ní, "Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó ti orí ilá kọ́ ọ. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ohun tó máa kọ̀ máa ju ilá lọ."

Àwẹ̀ró dá nìkan lọ sílé bó ṣe dá nìkan wá. Ebi ń pa á, àmọ́ ọmọ bàbá ẹ̀ ṣì ni.

Ìdí nìyẹn tí àgbà fi máa ń sọ pé ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Wọ́n ń pa òwe yìí fún ẹni tí wọ́n ń fi tipátipá bọ́ lóhun tí kò fẹ́, tó wá dákẹ́, tó ń wojú ẹlòmíì pé kó gba òun sílẹ̀. Wọ́n sì ń pa á fọ́mọdé, kó lè tètè mọ̀ pé gbogbo ìlú lè mọ èèwọ̀ ẹ̀ kí wọ́n sì máa wo ilẹ̀. Ẹnu ẹni ni wọ́n wí o, wọn ò wí ẹnu Láwọyin.