Òòyà Funfun Àwẹ̀ró

Kí Àwẹ̀ró tó wọlé ọkọ, Ìbíwùmí nìkan ni gbogbo agbolé Alápò mọ̀ ní onídìrí. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Kí ẹ̀kọ gbígbóná ẹni tó jókòó tì í tó tutù tán, ó ti parí orí kan, ó ti ń pe orí kejì. Bó bá di kòlẹ́sẹ̀ fún èèyàn, irun náà yóò gbéra láti iwájú, yóò gba àárín orí kọjá, yóò sì lọ pàdé ní ìpàkọ́ láìwọ́. Ibì kan ṣoṣo ló kù sí: ọwọ́ náà le. Ọmọdé tó bá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sunkún, àgbàlagbà yóò di ojú pọ̀. Bí wọ́n bá ráhùn, Ìbíwùmí a ní, "Ṣé o fẹ́ rẹwà ni àbí o fẹ́ sùn?" Wọn a sì fara dà á, nítorí kò sí onídìrí mìíràn tí wọn ìbá lọ bá.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ìyá Olóòyà, torí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni igbá òòyà ilé wà. Inú igbá olómorí yìí ni àwọn ìyá ilé náà ń kó òòyà wọn sí láti ìran dé ìran: òòyà onígi tí eyín rẹ̀ jìnnà síra, tí wọ́n fi ń tú irun tó ta kókó, èyí tí eyín rẹ̀ wẹ́, tí wọ́n fi ń tẹ́ irun ẹ̀bá etí àti ti ìpàkọ́, àti ìkòòtí ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń la ọ̀nà sórí. Àwọn òòyà inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń di irun ọmọ ilé tó bá ń lọ sílé ọkọ. Obìnrin tí igbá náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn. Bó bá ń kọjá, àwọn ìyàwó ilé a kúnlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìgbéyàwó, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi. Ní báyìí, ìka Ìyá Olóòyà ti le, kò lè di irun mọ́, gbogbo ilé sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí yóò fi gbé igbá náà fún ẹlòmíràn. Ìbíwùmí ò tilẹ̀ dúró kí wọ́n sọ ọ́. Ó ti kan èèkàn mọ́ ògiri yàrá rẹ̀, níbi tí yóò gbé igbá náà kọ́ sí.

Àsìkò yìí ni àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé Àwẹ̀ró níyàwó. Àwẹ̀ró kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú ẹrù tó gbé wá sílé ọkọ, òòyà kékeré kan wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ọdẹ, fi eyín erin gbẹ́ fún un. Ó funfun báláú, kò sì sí irú rẹ̀ nínú ìlú. Bí Àwẹ̀ró bá fẹ́ di irun, yóò kọ́kọ́ fi àdín pa á, yóò sì jẹ́ kó rọ̀. Yóò wá mú òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó irun, yóò máa tú u bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìdí. Ìgbà tí ohun gbogbo bá parí tán ni òòyà funfun tó ń jáde, kìkì láti fi tẹ́ ẹ̀bá orí. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan tí wọ́n máa ń dì mọ́lẹ̀ kí Ìbíwùmí tó lè di irun rẹ̀ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, kò sì pẹ́ tó fi sùn lọ. Ìròyìn oorun yẹn kárí agbolé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Owú wọ Ìbíwùmí lára. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, òótọ́ ni, nítorí obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bó bá jókòó sórí àpótí rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà Àwẹ̀ró. Ó ń wo ẹni tó wọlé, ó ń wo ẹni tó jáde, ó sì ń wá àléébù sí ìpàkọ́ gbogbo orí tó bá ti ibẹ̀ bọ̀. "Ẹ wo ìlà yẹn," a wí fún ẹni tó bá wà nítòsí, "ó wọ́ bí ọ̀nà oko." Nígbà mìíràn ìlà náà wọ́ díẹ̀ lóòótọ́, nígbà púpọ̀, kò wọ́ rárá. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé irun náà dára.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀. Àjíkẹ́, ọmọ tí Ìbíwùmí bí nínú ara rẹ̀, wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ṣùkú tó dúró ṣánṣán lórí rẹ̀.

"Ta ló di èyí?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ìyàwó wa ni, Ìyá mi. Wọ́n rí mi, wọ́n ní, 'Opẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, wá jókòó.' Kò dùn mí rárá."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn gún Ìbíwùmí dé egungun. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó sì tú ṣùkú náà palẹ̀. Àjíkẹ́ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá wọlé, ọmọ a jáde.

Kò pẹ́ sí i, ìgbéyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá Olóòyà pe àwọn ìyàwó ilé jọ.

"Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, ẹ wá bá mi lọ́dẹ̀dẹ̀," ó wí. "Ibẹ̀ ni n óò ti gbé igbá yìí lé ẹni tó máa di irun ọmọ wa lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sì máa wà. Ẹ sì mọ èèwọ̀ ilé wa. Ẹni tí irun tirẹ̀ bá rí játijàti kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí ìyàwó."

Bí wọ́n ṣe tú ká, Àwẹ̀ró lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìbíwùmí. "Ìyálé mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín di tiyín, kí ẹ̀yin náà sì bá mi di tèmi. Àwa méjèèjì lọwọ́ wa mọ́ ọn jù nínú ilé yìí."

"Orí mi kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́," Ìbíwùmí dáhùn. "Lọ wá ẹlòmíràn."

Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kíkọ́ kọ́. Ẹni tí wọ́n bá ń di irun fún, ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Onídìrí ló ń gun àpótí. Kí òun, ìyálé, wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ ìyàwó tó dé lánàá? Bí irun náà bá sì wá dára, iyì ta ni? Àwẹ̀ró náà ni wọn yóò tún yìn.

Nígbà tí Àwẹ̀ró lọ sódò, Ìbíwùmí yọ́ wọ yàrá rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ló ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òòyà funfun yẹn ni gbogbo àṣírí ọwọ́ Àwẹ̀ró, pé ẹni yòówù tó bá mú un lọ́wọ́ yóò di irun bíi tirẹ̀. Ó sọ ọ́ sí ìbàdí, ó padà sí yàrá tirẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó gbé jígí kékeré kan ti ògiri. Iwájú orí gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ń rí i, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ìlà gún, irun ń dán. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìpàkọ́, jígí ò ríran dé ibẹ̀. Irun ẹ̀yìn orí rẹ̀ gbẹ, ó sì ti ta kókó. Kò fi àdín pa á, nítorí ọ̀dọ̀ Ìyá Olóòyà ni àdín wà, bó bá sì lọ tọrọ rẹ̀, wọn yóò bi í pé ta ni yóò bá a di irun. Ká ní orí ẹlòmíràn ni, kò jẹ́ ṣe ohun tó ṣe yìí láé. Ó ki òòyà funfun eléyín wẹ́wẹ́ náà bọ irun gbígbẹ láti ìdí, ó sì fà á. Ohun kan dún pá. Ó rò pé kókó irun ló já. Ó tún fà á, ó tún dún. Apá ń ro ó, inú ń bí i, ó ṣáà ń fà á títí ó fi di ohun tó lè dì.

Ìgbà tó wá wo òòyà ni ara rẹ̀ bù máṣọ. Òòyà náà ti fi eyín ká bí ẹnu ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín. Ó wá àwọn tó kán lórí ẹní, kò rí wọn; ó ní bóyá wọ́n ti bọ́ sínú ihò ilẹ̀. Ó ti òòyà bọ abẹ́ ẹní. Ó wù ú kí ẹnì kan bá òun wo ẹ̀yìn orí òun, ṣùgbọ́n ta ni ìbá pè? Ó ń gbọ́ ohùn Àjíkẹ́ níta. Ó la ẹnu láti pè é, ó rántí ọ̀rọ̀ ṣùkú, ó sì pa ẹnu dé.

Àwẹ̀ró dé láti odò, ó wá òòyà rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. "Ìyálé mi, ẹ ò bá mi rí òòyà funfun mi?"

"Ṣé èmi ni mò ń bá ọ ṣọ́ ọ ni?"

Nígbà tó yá, ìyàwó ilé kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ irun dì ló bá Àwẹ̀ró di tirẹ̀, ìpàkọ́ rẹ̀ sì wọ́ lóòótọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìyàwó ilé péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó ọ̀ṣìngín jókòó sórí ẹní, igbá òòyà sì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ìyá Olóòyà. Ìbíwùmí ló dé kẹ́yìn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ ni. Àwọn tó kọjú sí i ní, "Irun yín dára o, Ìyá Àjíkẹ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó la àárín wọn kọjá lọ jókòó síwájú. Ẹ̀rín kan ń bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbi tó bá ti kọjá, ṣùgbọ́n kò fiyè sí i.

Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn, ó rọra fà á láṣọ. "Ìyálé mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká lọ sí kọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ."

"Ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ wo? Ohun tí o bá fẹ́ sọ, sọ ọ́ ní gbangba."

Àwẹ̀ró fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ kí Ìyá Olóòyà, ó tẹ orí ba, ìpàkọ́ rẹ̀ sì hàn síta. Ohun tí Ìbíwùmí ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ó dìde, ó kẹ̀yìn sí gbogbo àwọn obìnrin tó jókòó, ó sì na ìka.

"Ẹ wo ìpàkọ́ onídìrí yín. Ṣé adìẹ ló tàn án ni? Ẹni tó gbé irú èyí sẹ́yìn, ṣé òun ló máa di irun ọmọ wa?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú Ìbíwùmí dùn, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. "Àgbàdo ni wọ́n fẹ́ gbìn síbẹ̀ ni, àbí ẹ̀gúsí?" Ẹ̀rín náà wá pọ̀ sí i, àwọn kan tilẹ̀ di inú mú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i pé Àwẹ̀ró tí òun ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ti gbójú sókè, ó sì ń wo òun bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń wo Àwẹ̀ró nínú gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìbíwùmí," Ìyá Olóòyà pè é, "kẹ̀yìn sí mi. Jókòó, kí o tẹ orí sílẹ̀."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka líle ìyá náà wọ inú irun rẹ̀, ó fa nǹkan kan yọ, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ síwájú rẹ̀ kó wò ó. Eyín òòyà ni, ó funfun báláú. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n wà káàkiri ìpàkọ́ rẹ̀ bí eegun ẹja nínú ọbẹ̀.

Ẹ̀rín dá. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ni òòyà, nítorí ọ̀kan ṣoṣo tó funfun ni gbogbo wọn mọ̀. Ojú ti Ìbíwùmí débi pé kò lè gbé orí tó tẹ̀ sílẹ̀ náà mọ́. Ó ti jalè, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ohun tó jí mọ́ ẹ̀yìn orí, ó sì tún dìde dúró kí gbogbo ilé lè rí i dáadáa.

Ìyá Olóòyà ò bú u. Ó gbé igbá òòyà, ó sì gbé e lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́. Àwẹ̀ró gbà á lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìde lọ bá ìyàwó. Ìbíwùmí tó ti ń yọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà ló ń wò.

"Ẹ má lọ, ìyálé mi," ó wí. "Èèwọ̀ ilé kò jẹ́ kí èmi náà fọwọ́ kan orí ìyàwó bí ìpàkọ́ mi ṣe rí yìí. Ọwọ́ yín nìkan ló lè tètè tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú tiyín."

Ó gbé àpótí kalẹ̀, ó sì jókòó lé e. Ìbíwùmí wo àpótí náà, ó wo ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Gbogbo wọn ń dúró dè é. Nígbà tó pẹ́, ó kó aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró fi àdín pa irun náà, ó jẹ́ kó rọ̀, ó mú òòyà onígi, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó. Eyín òòyà funfun ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbíwùmí ń retí ìrora, ìrora ò dé. Oorun tí owú ti lé kúrò lójú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló wá gbé e lọ. Nígbà tí orí rẹ̀ ń yẹ̀, Àjíkẹ́ ló wá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Bó ṣe jí, ó gun àpótí, Àwẹ̀ró sì bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí i kí ọwọ́ Ìbíwùmí má yá lórí irun, nítorí jẹ́jẹ́ ló fi di ti Àwẹ̀ró, kí Àwẹ̀ró tó lọ di ti ìyàwó. Èèkàn ara ògiri rẹ̀ ò rí igbá gbé, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò jáde sóde rí láìjẹ́ pé Àwẹ̀ró bá a wo ẹ̀yìn orí, òun náà a sì bá Àwẹ̀ró wo tirẹ̀. Láti agbolé Alápò ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀, tí àwọn àgbà fi mú un pa lówe títí di òní pé: ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni.