Iṣẹ́ Tí Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ Kò Jẹ́

Ààlọ́ o. Ẹ dáhùn kó dé orí igi.

Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ kọ ara wọn, kálukú ń gbé orí igi tirẹ̀. Ọmọ wọn tó ń sùn síhìn-ín sùn sọ́hùn-ún ni wọ́n ń rán síra wọn.

"Sọ fún bàbá ẹ pé ahun ni." Ọmọ jẹ́ ẹ.

"Sọ fún ìyá ẹ pé ẹnu ẹ̀ ló tú ilé." Ó jẹ́ ẹ.

"Sọ fún bàbá ẹ pé àṣá ń rà bàbà, kó má jẹ́ kó o jáde." Ìjà ti sú ọmọ, kò jẹ́ ẹ.

Ìyá rí àṣá lókè orí ọmọ níwájú ilé bàbá. Kò rí ẹni rán. Ó fi ohùn ara rẹ̀ kọrin, ẹ gbè é:

Bàbá ọmọ mi o,
*Gbé e wọlé.*
Àṣá ń bọ̀ o,
*Gbé e wọlé.*

Bàbá fa ọmọ wọlé. Ó nahùn sí igi kejì: "Mo ti mú un, ìyá ọmọ."

Láti ọjọ́ náà, ọmọ sinmi iṣẹ́ jíjẹ́. Bí mo bá purọ́, ẹ bi ọ̀kẹ́rẹ́.