Pásítọ̀ Tó Sá Fún Omi Ìrìbọmi

Ọkùnrin kan wà, pásítọ̀ ni, tí kò lè fi omi tútù wẹ̀ rárá. Kódà nínú ooru oṣù kẹta, omi gbígbóná ni wọ́n ń gbé lọ sí balùwẹ̀ fún un. Ìjọ tí wọ́n wá gbé e sí wà ní ìsàlẹ̀ òkè, inú odò tó ń ti abẹ́ àpáta jáde ni wọ́n sì ti ń ṣe ìrìbọmi: ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún, ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù kìíní, kí oòrùn tó yọ. Ọyẹ́ a sì máa mú nígbà náà, kì í ṣe kékeré.

Ọdún tó kọ́kọ́ débẹ̀, ènìyàn mọ́kànlélógójì ló tò sétí odò. Pásítọ̀ wọ inú omi dé ìbàdí. Ó ri ẹni kìíní bọmi, ó ri ẹni kejì. Nígbà tó di ẹni keje, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, kò lè gbàdúrà já geere mọ́. Ló bá sá jáde! Àwọn yòókù padà sílé pẹ̀lú aṣọ funfun gbígbẹ lọ́rùn wọn.

Ìyá arúgbó kan wà lára àwọn tó padà. Ìyá Onírú ni wọ́n ń pè é, torí inú odò yẹn gan-an ló ti ń fọ irú láràárọ̀ láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń fẹ́ láyé ni kó ṣe ìrìbọmi kó tó kú. Ó tọ pásítọ̀ lọ. Kò bú u. Ó ní, "Pásítọ̀, mi ò mọ̀ bóyá mo máa rí ọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ tí mo bá rí i, ẹ ò ní sá fún mi mọ́. Ẹ wá bá mi létí odò lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ nìkan ló ní kó kì bọ omi. Kó máa mí díẹ̀díẹ̀, kó ka ení, èjì, títí dé ogún, kó jáde. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹsẹ̀ nìkan. Pásítọ̀ ní ṣé ọmọdé lòun ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó dá wá, ó bẹ́ sínú omi dé ọrùn. Òtútù mú un, ó dùbúlẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin. Nígbà tó padà wá, Ìyá Onírú bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ kú agbára o! Ó yá, ẹsẹ̀."

Àwọn tó wá pọnmi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìyá ń kọ́ pásítọ̀ níwẹ̀. Síbẹ̀, pásítọ̀ ń wá láràárọ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó ti dé orúnkún. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó ti dé ìbàdí, ó sì lè dúró títí ìyá á fi fọ agbọ̀n irú kan tán.

Ọdún yí po. Àádọ́ta ènìyàn ló tò. Ọyẹ́ ọdún náà le ju ti èṣí lọ, ètè gbogbo wa ló là. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì ń kà á. Ẹni keje kọjá. Ẹni kẹwàá kọjá. A kọjá ìdajì. Ètè pásítọ̀ ti funfun, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ìyá Onírú ló kẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi òun sẹ́yìn. Pásítọ̀ gbá a mú, ó rì í bọmi, ó gbé e dìde. Ìyá nu ojú, ó kọjú sí èrò, ó pariwo: "Ẹ wo pásítọ̀ wa dáadáa! Èmi ni mo kọ́ wọn!" Orí mi wú, àfi bíi pé èmi ni mo bí àwọn méjèèjì.

Ìwọ Láoyè, o ti jókòó síwájú mi láti àárọ̀, ò ń sọ pé ìbínú rẹ ò gbóògùn. O búra lọ́jọ́ Ìsinmi pé o ò ní jágbe mọ́ ìyàwó rẹ mọ́ láéláé. Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé kò tíì ṣú tó o fi fọ́ àwo mọ́lẹ̀. O wá ní o ti ṣe é tì. Ta ló ní kó o bẹ́ sínú odò dé ọrùn? Máa lọ sílé. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ òní, jẹ ẹ́, kó o dákẹ́. Ti ọbẹ̀ nìkan ni mo wí. Ṣe ìyẹn fún ọ̀sẹ̀ kan. Má sọ fún ìyàwó rẹ o. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá sọ fún mi.