Àlejò Ìjọba
Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ti Morádékẹ́ mọ́lé láìgbé e dé ilé-ẹjọ́, nítorí pé ó kọ̀wé tako ìjọba. Nígbà tí àwọn oníròyìn ń bọ̀, Ọ̀gá Láṣebìkan, olórí àgọ́ tí wọ́n tì í mọ́ pẹ̀lú àwọn mìíràn, ní kó sọ fún wọn pé àlejò ìjọba lòun, tàbí kó jẹrà síbẹ̀. Morádékẹ́ kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ní, “Àlejò ni mí lóòótọ́. Wọ́n tọ́jú mi. Ilẹ̀kùn gan-an, àwọn ló ń bá mi tì í. Ọ̀gá, ilé ti yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí sọ́nà.” Níṣojú kámẹ́rà, ọ̀gá di ọmọlúàbí lójijì, ó sì sìn ín dé géètì. Lọ́jọ́ kejì, Morádékẹ́ kó àwọn oníròyìn náà padà wá, ó ní òun wá sin àwọn àlejò tó kù sọ́nà.